Ohun Tó Wà Lábẹ́ Ìkíni Ẹ̀gbọ́n Mi

Òórùn èso kajú tó ń bàjẹ́ nílẹ̀ ni mo fi ń mọ̀ pé mo ti fẹ́ dé Manigri, kódà kí n tó rí òrùlé kankan. Ìwọ náà mọ òórùn yẹn. Lásìkò tí wọ́n bá ń ṣa á, tí wọ́n ti yọ kóró rẹ̀ sínú àpò, tí wọ́n fi ara èso náà sílẹ̀ lábẹ́ igi fún eṣinṣin àti ewúrẹ́, òórùn náà á dùn, á kan, á sì mú bí ẹmu ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà kan rí, bí mo bá jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà zẹ́mijàn láti Bassila, tí afẹ́fẹ́ sì gbé e pàdé mi lójú títì, inú mi á dùn ṣìnkìn, màá máa ro ọbẹ̀ tí ìyá mi gbé kaná. Láti ọdún tí bàbá mi ti kú ni òórùn yẹn ti di nǹkan mìíràn sí mi. Màá fi etí gèlè bo imú. Mi ò tíì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, àfi ẹ̀gbọ́n mi, òun náà sì ni ọ̀rọ̀ náà bà lọ́kàn jẹ́ jù. Ìwọ ni ẹnì kejì tó máa gbọ́ ọ, torí pé a jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà nílé ìwé, o sì mọ̀ mí kí n tó gbọ́n àgbọ́njù.

Nígbà náà, ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Bassila, kò jìnnà sí mérì, ọ́fíìsì ìjọba ìlú, níbi tí gbogbo ẹni tó ń wá ìwé ìbí tàbí ìwé ilẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ni mo ní, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tó máa ń jẹ bébà, àti fáànù kan tó ń ké ju bó ṣe ń fẹ́ lọ. Mo ń ya fọ́tò, mo ń bá àwọn olùkọ́ tẹ ìdánwò, mo ń fi èdè Aníì àti Faransé bá àwọn oníbàárà mi ṣàwàdà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo fi ń yangàn ni ojú ewé orí íńtánẹ́ẹ̀tì, èyí tí mo lọ kọ́ ní Parakou fún ọdún kan gbáko. Mi ò mọ obìnrin mìíràn tó ń ṣe é ní àgbègbè wa, mi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Bàbá mi, àgbẹ̀ oníṣu tí kò mọ ìwé kà, máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ wọn pé ọmọbìnrin àwọn ń kọ́lé sínú afẹ́fẹ́. Wọ́n á fi ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó jókòó tì wọ́n tí wọn ò ní sọ ọ́ fún.

Ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Manigri tó wà lájò, àwọn ará Kútọnu, àwọn ará Gàbọ́n, àwọn tó wà káàkiri Nàìjíríà, ló ní kí n ṣe ojú ewé kan fún ìlú wa. Fọ́tò ọjà lókè, ìròyìn díẹ̀ láàárín, lẹ́yìn náà ibi tí mo pè ní Ilé Ìkíni. Ẹnikẹ́ni tó bá wà lájò lè kọ ọ̀rọ̀ síbẹ̀ fún ará ilé rẹ̀, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan á sì jókòó sínú àpótí kékeré tirẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mo máa ń lọ sí Manigri lọ ka ọ̀rọ̀ náà láti orí fóònù mi fún àwọn tí kò mọ̀wé. Àwọn ìyá á jókòó yí mi ká, ara wọn á máa yá gágá. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá kọ̀wé á ní kí n kà á lẹ́ẹ̀mejì, ẹni tí tirẹ̀ kò bá kọ̀wé á ní fóònù mi ti bàjẹ́. Mo fẹ́ràn ọjọ́ Jímọ̀ nígbà náà ju ọjọ́ ọdún lọ.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun kan fún ọ, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Bí o bá sọ fún ojú ewé pé àpótí kan gbọ́dọ̀ ga tó báyìí, kó má sì ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ tó bá pọ̀ jù ú gbọ́dọ̀ rí ibì kan gbà. O lè jẹ́ kó ṣàn jáde nísàlẹ̀, kó gorí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. O lè fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí ẹ̀gbẹ́ àpótí náà, kí ẹni tó ń kà á máa fi ìka fà á sókè títí á fi kà á tán. Tàbí kí o gé e mọ́ etí àpótí: ọ̀rọ̀ tó kù wà nínú rẹ̀, kò sọnù, ṣùgbọ́n ojú kò ní rí i, ìka kò sì ní lè fà á. Àṣẹ tí a fi ń sọ èyí ni overflow-y, ọ̀rọ̀ tí mo sì kọ síwájú rẹ̀ ni hidden, ìyẹn ni pé kó fi ìyókù pamọ́. Kì í ṣe pé mi ò mọ àwọn ọ̀nà yòókù o! Olùkọ́ wa ní Parakou, ọkùnrin kan tí kì í pariwo, ti sọ fún wa pé, "Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ènìyàn ni, ẹ má gé e." Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi, mo tún fa ìlà pupa sábẹ́ rẹ̀.

Ẹwà ló kó sí mi lórí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, mo jẹ́ kí àpótí kọ̀ọ̀kan ga bí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bá ṣe gùn tó, alága ẹgbẹ́ sì pè mí láti Kútọnu pé ojú ewé náà rí jágbajàgba, pé àpótí kan gùn, òmíràn kúrú. Mo fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn sí i, ojú mi ò gbà á. Àwọ̀ eérú ni, ó sì jọ ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara aṣọ tuntun. Mo wá gé e. Kíá ni gbogbo rẹ̀ dọ́gba, ó mọ́ tónítóní, alága ní, "Ẹ̀ẹ́n-ẹ̀n! Èyí gan-an ni mò ń wí." Mo kọ gbólóhùn kan fúnra mi láti fi dán an wò, "Mo kí gbogbo ilé o, ṣé àlàáfíà ni ẹ wà?" Ó wọ inú àpótí náà geerege, àyè tiẹ̀ ṣẹ́ kù. Jọ̀ọ́, ta ni ọmọ Manigri tó ń kí ènìyàn ní gbólóhùn kan? Lọ́dọ̀ wa, o gbọ́dọ̀ kí bàbá, kí o kí ìyá, kí o béèrè iṣu, kí o béèrè òjò, kí o kí ará ilé kejì, kí o tó dé orí ohun tó gbé ọ wá. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ ohun tó ń fẹ́, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni. Inú rẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, inú rẹ̀ ni mo dàgbà sí, mo sì ṣe àpótí tó gba ìkíni nìkan, tí kò gba ọ̀rọ̀.

Àwa méjì péré ni ìyá wa bí tó yè, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Òun ló yẹ kó dúró ti bàbá lóko. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí gbogbo ilẹ̀ iṣu di oko kajú, bàbá ò sì gbà. Ní ọdún kan, ó gbin ọmọ kajú sáàárín ebè láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Bàbá lọ síbẹ̀ láàárọ̀, wọ́n fa gbogbo rẹ̀ tu lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n mi dé bá wọn níbẹ̀, ọ̀rọ̀ di ariwo. Níwájú àwọn tó ń bá wa kọ ebè, níwájú alágbẹ̀dẹ tó jẹ́ ọ̀rẹ́ bàbá láti kékeré, ó ní, "Bàbá, ọkọ́ yín ti gbó, ẹ gbé e kalẹ̀!" Ọkọ́ dúró lọ́wọ́ gbogbo wọn. Bàbá nu ọwọ́ mọ́ ara ṣòkòtò wọn, wọ́n ní, "Kúrò nílé mi. Má padà wọ̀ ọ́ títí mo fi máa pè ọ́."

Ó kó ẹrù rẹ̀, ó kọjá sí Nàìjíríà, a gbọ́ pé ó ń ṣiṣẹ́ oko lọ́nà Ìṣẹ́yìn. Ọdún mẹ́fà gbáko, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ó ti pààrọ̀ nọ́ńbà, àwa ò sì mọ ti tuntun. Nílé wa, ẹni tí bàbá bá lé báyìí kì í kàn dédé yọjú, kódà bí ìlú tó wà kò ju ìrìn àjò ọjọ́ kan lọ. Ó gbọ́dọ̀ rán àwọn àgbà sí bàbá kí wọ́n bá a bẹ̀bẹ̀, kí bàbá sì fi ẹnu ara wọn sọ pé kó máa bọ̀. Gbogbo wa mọ̀ bẹ́ẹ̀, gbogbo wa sì ń retí ẹ̀bẹ̀ yẹn, bàbá gan-an jù.

Lọ́jọ́ tí mo rí orúkọ rẹ̀ nínú Ilé Ìkíni, igbe ni mo fi bọnu. Obìnrin tó wá ya fọ́tò rò pé iná mànàmáná gbé mi. Mi ò tiẹ̀ dúró de Jímọ̀; mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo gun zẹ́mijàn, mo ń gbá ọlọ́kadà náà léjìká pé kó sáré. Bàbá wà lórí àga wọn níwájú ilé. Ẹsẹ̀ wọn ti ń wú láti bí oṣù méjì, wọn ò lè lọ sóko mọ́, ìyẹn sì ń dùn wọ́n ju ẹsẹ̀ náà lọ. Mo ní, "Bàbá, ẹ̀gbọ́n kọ̀wé!" Wọ́n gbé ọwọ́ kúrò lórí orúnkún. Ìyá mi sáré jáde láti ibi tí wọ́n ti ń bẹ iṣu, ọ̀bẹ ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

Mo kà á sókè. "Bàbá mi, mo kí yín. Ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ kú àfaradà láti ọjọ́ yìí wá. Ìyá mi, mo kí yín, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Ṣé iṣu ta dáadáa lọ́dún yìí? Ṣé òjò ò pẹ́ jù? Mo kí àbúrò mi tó ń kọ́lé sínú afẹ́fẹ́. Ẹ bá mi kí bàbá alágbẹ̀dẹ. Ẹ bá mi kí ìyá àgbà ẹ̀yìnkùlé wa. Ẹ bá mi kí lèmọ́mù. Ẹ bá mi kí gbogbo wọn dáadáa." Ibẹ̀ ni ìlà tó gbẹ̀yìn parí sí. Kò gé gbólóhùn kankan sí méjì, kò fi àmì kankan hàn. Etí àpótí náà kàn wà lábẹ́ rẹ̀, ó mọ́ tónítóní bí mo ṣe fẹ́ ẹ.

"Ṣé ó tán?" ni bàbá bèèrè.

"Ó tán, bàbá."

"Tún un kà."

Mo tún un kà. Bàbá na ọrùn wo fóònù náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò mọ lẹ́tà kan ṣoṣo, bí ẹni pé ojú wọn á rí ohun tí tèmi ò rí. Wọ́n ní, "Wò ó dáadáa. Ọmọ yẹn kì í kí ènìyàn lásán." Inú bí mi díẹ̀, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ta ló ṣe ojú ewé náà? Mo ní, "Bàbá, èmi ni mo ṣe é. Gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ni mo kà yẹn." Wọ́n dá ọwọ́ padà sórí orúnkún, wọ́n ní, "Ọdún mẹ́fà. Ó wá ń kí mi bí ẹni tó ń kọjá lọ lójú ọ̀nà." Ìyá mi ní ó kéré tán, ó rántí wa. Bàbá ní kí n kí i padà, kí n má fi nǹkan kan kún un, kí n má sọ pé ẹsẹ̀ àwọn ń wú. "Bó bá fẹ́ wálé, kó wá nítorí mi. Kó má wá nítorí àìsàn." Mo kọ ọ́ síbẹ̀ lójú wọn, bí wọ́n ṣe wí gẹ́lẹ́: "Bàbá ní àwọn kí ẹ. Gbogbo ilé kí ẹ." Ó gba inú àpótí dáadáa.

Ẹ̀gbọ́n mi kò kọ nǹkan mìíràn mọ́. Ní gbogbo Jímọ̀, bí mo bá ti sọ̀ kalẹ̀, bàbá á ní, "Ṣé ó ti tún kọ nǹkan?" Màá ní rárá, wọ́n á sì mi orí. Ìyá mi sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ní ọ̀sẹ̀ tí ìkíni yẹn dé gan-an, bàbá ní kí wọ́n kó àwọn àpò kajú kúrò nínú yàrá ẹ̀gbọ́n mi, kí wọ́n gbá ibẹ̀, kí wọ́n ṣí fèrèsé rẹ̀ sílẹ̀ kí ó lè gba atẹ́gùn. Wọn ò sọ ìdí, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n. Nígbà tí ìwú náà dé ikùn, tí mímí di iṣẹ́, mo rú òfin wọn, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ẹ̀gbọ́n máa bọ̀ kíákíá, pé bàbá ò gbádùn. Mo ń wò ó láàárọ̀, mo ń wò ó lọ́sàn-án. Kò sí èsì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí i, mo ń sọ ọ́ fún àwọn ènìyàn ní Bassila pé òkúta ló wà láyà ẹ̀gbọ́n mi. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí mo ń fẹ́ bàbá ní abẹ̀bẹ̀, wọ́n dédé ní, "Ká ní ó bẹ̀ mí ni, mi ò bá má tiẹ̀ jẹ́ kó bẹ̀bẹ̀ tán." Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n kú, ní àárọ̀, a sì sin wọ́n kí oòrùn tó wọ̀.

Ọjọ́ àdúà ọjọ́ kẹjọ ni ẹ̀gbọ́n mi dé. Onímọ́tò kan tó ń ná ọ̀nà Nàìjíríà ló sọ fún un pé bàbá ti kú, níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù. Ó rù, irun orí rẹ̀ ti ń funfun níwájú. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà àgbàlá, báàgì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò wọlé, torí pé ẹni tó yẹ kó pè é kò sí mọ́. Bàbá alágbẹ̀dẹ ló dìde, tó lọ fà á lọ́wọ́ wọlé. Ìyá mi gbójú sókè láti orí ẹní, wọ́n wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé o tún wá kí wa ni?" Ó gbé báàgì kalẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀, ó fi iwájú orí kan ilẹ̀, ó sì pẹ́ níbẹ̀ tó fi jẹ́ pé àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ibòmíràn.

Nígbà tí èrò ti túká, ó lọ sí oko, mo sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìbínú tí mo ti kó jọ. Lábẹ́ àwọn igi kajú àtijọ́ tó wà létí oko ni mo ti bá a. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ẹ ò wá? Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ẹ wá!"

"Lẹ́yìn tí wọ́n fún mi lésì, mi ò ṣí ibẹ̀ mọ́," ó ní. "Mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n kọ̀. Mi ò bínú. Ṣùgbọ́n ó dùn mí wọ eegun."

"Ẹ bẹ̀ wọ́n? Nígbà wo?"

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo wèrè. Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó mú ìwé àjákọ kan jáde. Inú rẹ̀ ló ti kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ náà, tó ń pa á rẹ́, tó ń tún un kọ, kó tó lọ tẹ̀ ẹ́ níbi kọ̀ǹpútà kan ní Ìṣẹ́yìn. Mo rí ìkíni tí mo kà fún bàbá, ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn, títí dé "Ẹ bá mi kí gbogbo wọn dáadáa." Ọwọ́ rẹ̀ ò dúró níbẹ̀. Ó kọ ọ́ pé:

"Bàbá mi, níwájú ènìyàn ni mo ti ṣẹ̀ yín, níwájú ènìyàn náà ni mo ti ń bẹ̀ yín. Ẹ̀yin àgbà tí mo dárúkọ wọ̀nyí, ẹ̀yin ni mo rán sí bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Láti ọjọ́ tí mo ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn lóko, ó ń ké sí mi létí. Mo fẹ́ padà wálé, kí n wá máa bá wọn kọ ebè, iṣu ni mo máa gbìn. Bí bàbá bá gbà, kí àbúrò mi kọ ọ̀rọ̀ kan péré síbí: máa bọ̀. Bí inú wọn kò bá tíì yọ́, ẹ kàn kí mi, yóò yé mi, mi ò sì ní yọ yín lẹ́nu mọ́."

Ọ̀rẹ́ mi, mo kà á tán. Mo jókòó sórí èso tó ti rà nílẹ̀, pẹ̀lú aṣọ àdúà lára mi. Ó mọ̀ pé nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀, ó ń pe orúkọ mi, ó rò pé àárẹ̀ ló mú mi. Mo ṣí fóònù, mo nà án sí i. Ó ka ìkíni rẹ̀, ó dé etí àpótí, ó fi ìka tì í sókè. Kò lọ. "Ìyókù dà?" Mo ní, "Ó wà níbẹ̀. Èmi ni mo gé e." Ó ní òun náà rí i bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí òun tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n òun rò pé bí lẹ́tà tí wọ́n ká ni, pé ẹni tó ṣe é ní ilé ló máa mọ bí wọ́n ṣe ń tú u. Ó gbà mí gbọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ó ní àfi kí òun fojú ara òun rí i. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a jọ lọ sí Bassila, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mọ́ àwa méjèèjì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo yí padà. Mo pa hidden rẹ́, mo kọ auto sí ipò rẹ̀, kò tó ìṣẹ́jú kan. Ọ̀pá àwọ̀ eérú yẹn yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí rẹ̀, àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ àpótí ẹlòmíràn tí mo ti ń kà fún àwọn ìyá láti ọjọ́ yìí wá. Ẹ̀gbọ́n mi fi ìka rẹ̀ tó ti yi fa ọ̀rọ̀ náà sókè lójú fóònù mi, ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sì ń gòkè wá láti ìsàlẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ó kà á tán. Lẹ́yìn náà ló bèèrè ohun tí mo ti ń bẹ̀rù.

"Kí ni bàbá wí nígbà tí o ka ìkíni yẹn fún wọn?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo sọ pé wọ́n bèèrè bóyá ó tán, pé mo ní ó tán. Mo sọ ti yàrá tí wọ́n gbá. Mo sọ ohun tí wọ́n wí lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, pé ká ní ó bẹ̀ wọ́n ni, wọn ò bá má tiẹ̀ jẹ́ kó bẹ̀bẹ̀ tán. Ó di etí tábìlì mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì ń sunkún láìpariwo. Mo fẹ́ kó gbá mi létí. Mo fẹ́ kó fọ́ kọ̀ǹpútà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò ṣe ọ̀kankan. Nígbà tó ṣe, ó nu ojú, ó ní kí n pa ọ̀rọ̀ òun rẹ́ kúrò níbẹ̀ kí ará ìlú tó kà á, mo sì pa á rẹ́.

Mo ní bí a bá ti padà dé Manigri, màá lọ kúnlẹ̀ níwájú ìyá, màá jẹ́wọ́. Ó ní rárá. Mo ní ìyá ò ní gbàgbé láé pé ó kí bàbá lásán, kò sì wá. Ó ní òun mọ̀. "Ọmọ méjì ni wọ́n ní. Ọ̀kan tó fún wọn láti máa bínú sí." Mo bá a jiyàn díẹ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ òtítọ́ fún ọ: àríyànjiyàn mi kò lágbára. Inú mi lọ́hùn-ún, ara tù mí. Ojú ń tì mí títí dòní pé ara tù mí.

Ó dúró di ogójì ọjọ́. Abọ́ àlejò ni ìyá mi fi ń gbé oúnjẹ fún un, èyí tó ní ọmọrí, wọ́n á gbé e kalẹ̀ síwájú rẹ̀, wọ́n á sì lọ jókòó síbòmíràn. Ó ń jẹ ẹ́ tán, ó ń dúpẹ́. Ó bá wa kọ ebè ọdún náà ní gbogbo ilẹ̀ tí bàbá fi sílẹ̀, kò gbin kajú kankan sí i, lẹ́yìn náà ó padà sí ibi tó ti wá. Àwọn ènìyàn ní ojú ló ń tì í.

Mo ti ka gbogbo ìyókù ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn tó wà nísàlẹ̀ àwọn àpótí yẹn, mo sì mú un lọ fún oníkálukú ní Jímọ̀ bíi mẹ́ta. Mo purọ́ pé ọ̀rọ̀ tuntun ni. Kò sí ẹni tó bú mi. Wọ́n ń yìn mí pé ojú ewé náà ti wá gba ọ̀rọ̀ dáadáa. Àpótí ni mo tún ṣe ní ìṣẹ́jú kan, ọ̀rẹ́ mi. Ẹnu mi ni mi ò tíì rí tún ṣe. Mo ti mọ̀ báyìí pé ohun tí ènìyàn bá gé kúrò lójú ẹlòmíràn kì í lọ síbi kankan. Ó wà níbẹ̀, ó ń dúró, ẹni tí kò rí i ló sì ń fi ayé rẹ̀ san án.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ní fóònù, ó máa ń pe ìyá wa ní ọjọ́ Jímọ̀. Èmi ni mo máa ń di fóònù náà mú fún wọn, kí ohùn rẹ̀ lè jáde síta. Bó bá ti gbọ́ ohùn wọn báyìí, ohun tó fẹ́ sọ ló máa kọ́kọ́ sọ, kíá, bí ẹni pé ẹnì kan fẹ́ pa ilẹ̀kùn dé mọ́ ọn lẹ́nu: pé òun ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, pé òun ń fi oògùn ránṣẹ́, pé òun fẹ́ràn wọn. Lẹ́yìn tó bá ti sọ ọ́ tán ló tó máa ń rántí béèrè pé ṣé wọ́n jí dáadáa. Ìyá mi á yí ojú sí mi, wọ́n á ní, "O ò gbọ́ ọ? Nàìjíríà ti bà á jẹ́ pátápátá. Kò mọ ènìyàn kí mọ́." Màá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá." Èmi tí mo fi àpótí kọ́ ọ pé kó máa fi ìkíni sẹ́yìn ni mo jókòó tì wọ́n yẹn, tí mo di fóònù mú, tí mo ń mi orí.